Ìdájọ́ 2023 kò kan ìgbanisíṣẹ́

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé títí di 2023 tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà fagi lé e, òfin fi dandan lé e kí iléeṣẹ́ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Irọ́ ni. Ìgbàwọlé akẹ́kọ̀ọ́ sí Harvard àti Yunifásítì North Carolina ni wọ́n dá ẹjọ́ lé lórí. Ní ti iṣẹ́, láti 1964 lòfin ti ka fífi àwọ̀ gbani tàbí kọni léèwọ̀, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú. Àṣẹ Ààrẹ Johnson ti 1965, pé kí agbanisíṣẹ́ gbé ìgbésẹ̀ kí àwọ̀ má bàa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́, ńkọ́? Àwọn tó ń gba kọngílá ìjọba àpapọ̀ ló mú, ìlànà rẹ̀ sì sọ ọ́ ketekete pé wọn ò gbọdọ̀ ya ipò kankan sọ́tọ̀. Trump ló fagi lé àṣẹ Johnson náà, ní oṣù kìíní 2025.