Ẹ yé ta bóòtì tí kò ní nọ́ńbà lórí fún wa!

Inú ń bí mi gidi. Ọwọ́ mi ṣì dúdú fún gíríìsì bí mo ṣe ń kọ èyí. N ò tíì fọ̀ ọ́, torí bí mo bá fọwọ́ tán tí mo jẹun, inú mi lè rọ̀, n ò sì fẹ́ kó rọ̀.

Píkọ́ọ̀pù Toyota bàbá mi ni mò ń tún ṣe láti ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ yìí ló ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ọ̀dẹ̀dá wá sí Láfẹ́nwá, òun ló ń gbé èmi àtàwọn àbúrò mi lọ síléèwé, òun náà ló gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí àìsàn kọ́kọ́ kì wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, wẹ́dà ti jó ilẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹrà, ọ̀dà rẹ̀ ti ń dán. Ó wá ku abẹ́: sípíríìngì, ṣọ́kù, búùṣì (rọ́bà tí bóòtì ń gba inú rẹ̀ kọjá), àtàwọn bóòtì tó di gbogbo wọn mú. Bóòtì! Òun ló ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Mo mú bóòtì ṣọ́kù tí mo tú dání lọ sí ìsọ̀, mo sì ti fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, wọ̀n ọ́n nílé. Mílímítà 12 ni ara rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín eyín kan sí ìkejì, jẹ́ mílímítà 1.25, nọ́ńbà 7 wà lórí rẹ̀ bí Toyota ṣe máa ń kọ ọ́ láti fi sọ bí irin náà ṣe lágbára tó. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, sípánà mélòó ló ń tú u?" Mo ní 17 ni, àmọ́ kó dákun kó wo tírẹ́ẹ̀dì. Kò wò ó. Ó ki ọwọ́ bọ garawa, ó fa méjì yọ tó ń dán bíi wúrà. "Nọ́ńbà 17 rèé, ojúlówó."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bóòtì, sípánà kì í ṣe ìwọ̀n bóòtì! Orí ni sípánà ń dì mú. Bóòtì bíi ti Jámánì àtijọ́ tí sípánà 17 ń tú, mílímítà 10 ni ara rẹ̀. Ti Toyota tí sípánà 17 kan náà ń tú, 12 ni. Èyí tó tà fún mi, 10 ni. Ó ń mì nínú ihò bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà, ó ní kí n lọ fi wáṣà há a.

Mo ní kó fún mi ní 12. Ó fún mi. Tírẹ́ẹ̀dì ìyẹn jẹ́ 1.75, nọ́ọ̀tì mi ò wọ̀ ọ́, ó ní kí n ra nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn. Tírẹ́ẹ̀dì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ti bàbá mi dán gbọnrangandan níbi tó ti gba inú búùṣì kọjá, kó má baà máa fi eyín jẹ ihò bí ayùn. Mo yí orí rẹ̀ wò. Ó mọ́ lóló. Kò sí 8.8, kò sí àmì ilé-iṣẹ́ kankan. Mo béèrè nọ́ńbà rẹ̀. "Nọ́ńbà wo tún ni, ẹ̀gbọ́n? Bóòtì ni bóòtì."

Irọ́ ni! Nọ́ńbà orí bóòtì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá rí 8.8, 8 àkọ́kọ́ ń sọ pé irin náà á gba agbára 800 newton (newton ni wọ́n fi ń wọn agbára) lórí ojú irin tó jẹ́ mílímítà kan níbùú lóòró kó tó já. 8 kejì ń sọ pé tó bá dé ìdá 80 nínú 100 agbára yẹn, ìyẹn 640, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nà tí kò ní í padà sípò mọ́. Irin rírọ̀ tó jẹ́ 4.6, ní 240 ló ti ń nà. Ẹ wá gbé e sórí bóòtì 12 tèmi yìí: 8.8 á gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 kó tó nà, 4.6 kò ní í gbé tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀. Èyí tí kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà ńkọ́? Ẹni tó tà á ò mọ̀, ẹni tó rọ ọ́ ò fẹ́ ká mọ̀. Àwọ̀ wúrà yẹn, ìpẹtà ló ń lé. Kò fi agbára kankan kún irin.

Mẹkáníìkì mi, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa, gba bóòtì náà lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi irú èyí di ọkọ̀." Wọ́n fi sí i, wọ́n ń fún un, sípánà lásán ni wọ́n mú dání o, wọn ò fi páìpù kún un kó lè gùn. Mo rí i tí ọrùn bóòtì náà ń tín-ín-rín. Ó já. Táyà ò tíì kan ilẹ̀, ẹrù kankan ò tíì sí lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ju orí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tún na ọwọ́ sínú ọ̀rá kan náà, wọ́n mú òmíràn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kò yà wọ́n lẹ́nu!

Abẹ́òkúta ni a wà, ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́. Bí bóòtì yẹn bá ti dúró dè wá dìgbà tí ọkọ̀ kún fún ẹ̀gẹ́, tó wá já lójú gẹ̀rẹ́, àwọn ìyá tó ń ta láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ọkọ̀ ì bá yà bá.

Yú-bóòtì, bóòtì tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó di sípíríìngì mọ́ áásù (ọ̀pá tí táyà wà lórí rẹ̀), ló tún burú jù. Àwọn kan ní kí n dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀. Ó ti nà, kò lè fún bíi tàkọ́kọ́ mọ́. Wẹ́dà kan ní òun á fi irin tí wọ́n fi ń dà dẹ́kíńnì ṣe é, òun á fi iná gáàsì sun ún títí yóò fi pọ́n, òun á tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, irin ilé nìyẹn! Kódà ká ní irin líle ni, iná yẹn ti ba líle rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá sì jẹ́ tuntun gan-an, ó yẹ ká tún un fún lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù rìn díẹ̀. Ta ló ń ṣe é? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra èyí tí kì í dípẹtà, tó ń dán bíi ṣíbí. Mo wò ó, A2-70 ló wà lórí rẹ̀, kò lágbára tó 8.8.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni mo padà lọ. Mo jókòó ti garawa wọn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mò ń wo orí bóòtì níkọ̀ọ̀kan, mò ń fi ìka yí nọ́ọ̀tì tuntun sí i. Èyí tí nọ́ọ̀tì bá há lára rẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ti nà nìyẹn, mo jù ú sílẹ̀. Nínú mọ́kànlá, mẹ́rin ló yege. Yú-bóòtì, n ò tíì rí. Ọkọ̀ bàbá mi ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń padà lọ sí ìsọ̀ yẹn, bóòtì tó já yẹn á sì wà lọ́wọ́ mi. N kò lọ gba owó. Mo fẹ́ kí ọ̀gá ibẹ̀ fi ìka kan ọrùn rẹ̀ níbi tó ti já, kó sì sọ fún mi lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ bóyá òun á fi í di ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ òun lọ síléèwé.