Ẹ yé pariwo pé lóò kọ́rẹ́ǹtì ló ń jẹ yúnítì

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Tí wọ́n bá ti mú iná wá, tí fáànù wá ń yí jẹ́jẹ́ débi pé èèyàn lè ka apá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo kọ̀mpáǹdì á bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ pa kẹ́tùlù, ẹ pa áyọ́ọ̀nù, lóò kọ́rẹ́ǹtì ń jẹ yúnítì! Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ tá a fún un gan-an ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Fóltéèjì ló lọlẹ̀. Fóltéèjì ló ń ti iná, kọ́rẹ́ǹtì ni èyí tó ń ṣàn nínú wáyà, òun la ń fi áńpì kà.

Ìyá onílé mi ò gbà. Mo ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí iná dáa, mo wọn fóltéèjì, mo sì fi clamp mítà, ẹ̀rọ tó ń há wáyà láti ka áńpì, há wáyà kan ṣoṣo nínú èyí tó ń lọ sí kẹ́tùlù wọn: 230 fóltì, 10 áńpì. Ẹ fi 10 pín 230, kọ́ìlì tó ń gbóná nínú kẹ́tùlù yẹn jẹ́ 23 óòmù, ìyẹn bó ṣe ń dènà kọ́rẹ́ǹtì tó. Ẹ sọ 230 di ìlọ́po 10, ó di 2300 wáàtì, ìyẹn bó ṣe ń yára jẹ iná tó. Nígbà tí iná wá burú tó já sí 115, mo tún wọ̀n ọ́n, 5 áńpì péré. Kọ́ìlì ọjọ́sí náà ni, 23 óòmù ẹ̀ ò yí padà, torí ẹ̀ bí ohun tó ń ti iná bá dín sí ààbọ̀, èyí tó ń ṣàn náà á dín sí ààbọ̀. 115 lọ́nà 5 jẹ́ 575 wáàtì. Ìdá kan nínú mẹ́rin o, kò tiẹ̀ tó ààbọ̀!

Mọ́mì ní ṣé ẹ ò rí i pé ó ń pẹ́ kó tó hó ni. Òótọ́ ni, omi lítà kan tó ń hó ní bí ìṣẹ́jú méjì á lo mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, àmọ́ iye iná tí omi yẹn nílò kó tó hó ò kúrò lójú kan, àfi díẹ̀ tó bá ooru lọ torí ó pẹ́ lórí iná. Wáàtì àti wákàtí ni mítà ń kà, 1000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúnítì kan.

Fíríìjì ni kẹ́ ẹ pa. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí nínú fíríìjì, ò dà bíi kọ́ìlì kẹ́tùlù, tí fóltéèjì bá lọlẹ̀ á máa hùn, kò ní lè yí, á wá máa fa áńpì gọbọi títí wáyà inú ẹ̀ á fi jó.

Àwọn tó ní stábíláísà ń bò wọ́n láṣìírí náà, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 1150 wáàtì ń fa 5 áńpì ní 230. Tí iná bá já sí 115, tí stábíláísà wá gbé e padà sókè, 10 áńpì àti díẹ̀ ló máa fà látinú wáyà tó ń bọ̀ láti mítà, ooru inú wáyà yẹn á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo sábà máa ń bá wáyà tó ti yọ́.