Ẹ Má Gba Oṣù Mẹ́fà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ti Wọ Kíláàsì

Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba ìlú Ọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ìwọ̀lú, ti fọwọ́ sọ̀yà báyìí: akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá kọ̀wé béèrè fún físà Graduate, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó gboyè níbẹ̀ dúró láti ṣiṣẹ́ tàbí wáṣẹ́, láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2027, oṣù méjìdínlógún ni yóò rí gbà, kì í ṣe ọdún méjì mọ́. Àwọn tó gboyè ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọ́n fi ọdún mẹ́ta wọn sílẹ̀ fún.

A kò bá ìjọba kankan jà pé ó ṣòfin lórí ẹnubodè rẹ̀. Ohun tí a ti ń wí láti ìgbà tí àbá yìí ti jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni pé àwọn tó ṣì ń bọ̀ ni òfin tuntun yẹ kó bá, kì í ṣe àwọn tó ti ń kàwé lọ́wọ́. Wọn kò gbọ́.

Ẹ wo ohun tí àìgbọ́ yẹn bí. Ọmọ kan wọ yunifásítì fún oyè àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Lọ́jọ́ tó gba físà, ọdún méjì ló wà nínú òfin. Ó san owó ìlera, £776 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó wọkọ̀ òfurufú. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí náà àárín 2027 ni yóò parí. Oṣù méjìdínlógún. Ẹlòmíràn dé ní oṣù Kẹsàn-án 2025 fún másítà ọlọ́dún kan. Ó parí ní 2026, ó kọ̀wé kí ọdún tó tán. Ọdún méjì gbáko. Ẹni tó kọ́kọ́ dé, tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni wọ́n gé tirẹ̀ kù. Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Oṣù mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè níṣẹ́, ọdún méjì ló ń gbà. Bí ọ̀gá bá ti rí i pé físà ọmọ yóò tán kí ètò tó tán, ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ti ìwé rẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ má mú ọkọ, aya àti ọmọ wá mọ́, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wò: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kí 2024 tó wọlé, òfin náà kò kàn án. Òfin yẹn le, ṣùgbọ́n kò ká ẹnikẹ́ni mọ́ ojú ọ̀nà. Home Office yìí kan náà ni. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọjọ́ ìkọ̀wé ni wọ́n ń kà lọ́tẹ̀ yìí?

Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Brian Bell jẹ́ alága rẹ̀, yẹ ètò físà Graduate wò ní 2024. Wọn kò rí màgòmágó tó gbilẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n tilẹ̀ sọ pé owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè wà lára ohun tí àwọn yunifásítì fi ń dí àdánù tí wọ́n ń jẹ lórí ìwádìí àti lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílùú. Irú ètò yìí kan náà ni ìjọba pa rẹ́ ní 2012, tí wọ́n tún gbé padà ní 2021. Ó ti sú wa.

Ìlà kan péré ni a ń béèrè: ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé àtúnṣe náà síwájú ilé aṣòfin ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, kí ọdún méjì rẹ̀ dúró. Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kò ní láti yan ìgbìmọ̀ kankan kó tó kọ ọ́. Àwọn ọmọ 2024 ṣì wà nínú kíláàsì.