Mọ́tò Rẹ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọjọ́ tí mo pe ìyá mi pé mo wà ní ilẹ̀ Faransé, inú wọn dùn débi pé oríkì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ki oríkì náà dé ìdajì, wọ́n ní, "Bàálù lo wọ̀ ni?" Mo ní rárá, ọkọ̀ ojú omi la fi sọdá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a wọ ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ ní báyìí, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn.

Oríkì dúró.

"Kẹ̀kẹ́ Márúwá?"

"Rárá, mà. Kẹ̀kẹ́ ológeere."

"Mọ́tò rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé ní London, mà."

"Ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

"Ta ni yóò gbà á? Fàájì ni, màámi. Owó ni mo san kí wọ́n tó jẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́ yìí."

Ìyá mi ní kí n gbé fóònù fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mi ò lè bá wọn wí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá mi ń gùn nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Ọjọ́ tí wọ́n ra Peugeot 504, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ náà ta ẹnìkan lọ́rẹ, wọn ò tún bojú wẹ̀yìn. Ìdílé wa ti kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú Peugeot. Èmi àkọ́bí ni mo wá gbé ìdílé padà sórí kẹ̀kẹ́, nílẹ̀ àwọn tó ń ṣe Peugeot gan-an.

Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ló kó bá mi. Bọ́ọ̀sì là ń wa ní London, ẹni tó bá sì ń wa bọ́ọ̀sì ní London, ọ̀tá kan ló ní láyé: oníkẹ̀kẹ́. Ọdún 11 ni mo fi bú wọn, Yorùbá ni mo sì fi ń bú wọn kí kámẹ́rà má baà mú mi. Mo rò pé èébú yẹn ló yípo padà wá bá mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n wá nǹkan fi na ara. Òyìnbó yìí gbọ́, ojú ẹ̀ tàn. Ó ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà létí Odò Loire, odò tó gùn jù ní ilẹ̀ Faransé, tó lé ní 1,000 kìlómítà. Ọ̀nà náà tó 900 kìlómítà, láti ìtòsí Nevers títí dé ibi tí odò ti wọ inú òkun. Ó ní kí àyà mi má já, díẹ̀ la máa bù jẹ níbẹ̀, láti Blois dé Saumur.

Mo ní, "Òkè ńkọ́?"

Ó ní, "Odò là ń tẹ̀ lé. Ṣé odò ń gun òkè ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ohun tí kò sọ ni pé ibi tí odò yẹn ń lọ, ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Láti orí òkun ló ti ń gbéra, ó gba orí omi gbọọrọ, àyà mi ló fi ṣe ilẹ̀kùn tó ń kàn. Òótọ́ ni pé odò ò gun òkè. Àmọ́ nígbà tá a kúrò ní Chaumont, ọ̀nà fi odò sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun òkè lọ sáàárín oko àjàrà, ó ní ká máa bọ̀.

Ká tó dé ibẹ̀ rárá, ìdí mi ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ti ra ṣòkòtò àwọn oníkẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n fi tìmùtìmù pẹlẹbẹ sí nídìí, tó jẹ́ pé téèyàn bá wọ̀ ọ́, bí ọmọ ọwọ́ tí wọn ò tíì pààrọ̀ ìlédìí fún ló máa ń rìn. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ìdí tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún ọdún 11 láì ráhùn, wákàtí méjì lórí kẹ̀kẹ́, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti Chambord. Ọjọ́ kìíní la yà síbẹ̀, ààfin kan ṣoṣo láàárín igbó. Ọba François Kìíní ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1519. Yàrá ibẹ̀ lé ní 400, ibi tí wọ́n ti ń dáná yá jẹ́ 282. Gbogbo ọjọ́ tí ọba fi gbé ibẹ̀ láyé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó o jọ, kò pé oṣù mẹ́ta. Tó bá ń bọ̀, wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì àti àga ṣáájú. Tó bá ń lọ, wọ́n á kó o tẹ̀ lé e. Òyìnbó mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọba yìí ò gbọ́n.

Èmi dákẹ́. Mo ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkirè. Yàrá méje, balùwẹ̀ mẹ́fà. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti kọ́ ọ tán. Mo dúró níwájú Chambord, mo ń ka òru tí mo ti sùn níbẹ̀ lórí ìka: mọ́kànlélógún. Tí mo bá ń lọ sílé, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń yá bẹ́ẹ̀dì wá fún mi. Ìbátan mi tí mo ní kó máa ṣọ́ géètì ti ń sùn ní yàrá ńlá, ìyàwó ẹ̀ ń ṣòwò yìnyín nínú gáréèjì. Mo ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì fún François. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ní Amboise, wọ́n fi ilé tí Leonardo da Vinci, gbajúmọ̀ ayàwòrán ará Ítálì, kú sí hàn wá, 1519 yẹn náà ni. Wọ́n ní orí ìbaaka ló jókòó sí láti Ítálì wá. Ọlọ́gbọ́n èèyàn.

Ti àwọn Faransé fúnra wọn wá kù. London ti bà mí jẹ́. Ní London, tó o bá kí ẹni tí o ò mọ̀, ó máa di báàgì ẹ̀ mú. Mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ní abúlé kan, mo nawọ́, mo ní, "Baguette, méjì." Ìyá tó ń tà á wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọlé bá àgbà tí kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bonjour." Mo tún ní, "Baguette." Ó ní, "BONJOUR, monsieur," ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lórí káńtà. Háà! Èmi ọmọ Yorùbá, òyìnbó ló ń kọ́ mi ní ìkíni. Láti ìgbà náà, mi ò rí ẹni tí mi ò kí. Mo kí apẹja, mo kí arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kí màlúù. Ibi tí Faransé mi bá tán sí, Yorùbá á gbà á: "Bonjour o, ẹ kú oòrùn, ilé ńkọ́?" Wọ́n á ní, "Oui, oui."

Àmọ́ ìkíni kì í ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àwa ní Ọjọ́ Ajé ni, kí ajé máa wọlé. Nínú abúlé ibí, àfi bí ẹni pé wọ́n ń sá fún un: oníbúrẹ́dì tì, alápatà tì, ológbò nìkan ló ṣí. Omi wa gbẹ. Òyìnbó mi kàn yà bàrà, ó wọ itẹ́ òkú lọ. Mo rò pé ó fẹ́ gbàdúrà. Ó fa ike omi yọ! Ó ní gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló mọ̀ ọ́n, pé níbi tí gbogbo ẹ̀ bá ti tì, ẹ̀rọ omi wà ní itẹ́ òkú tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Ó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣeé mu. Wọn ò kọ ọ́. Ó mu ún gbì-gbì-gbì.

Mo ní kó máa mu tiẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn ògiri, mo tú àpò mi. Gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Ṣúgà wà, ẹ̀pà wà. Mo gbé abọ́ sórí itan, mo ń wo gàrí, gàrí ń wò mí. Gàrí tí kò rí omi, iyẹ̀pẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìgbàgbọ́ mi fi dúró. Mo dìde, mo wọlé, mo tẹríba díẹ̀ fún àwọn onílé, mo ní, "Bonjour o, ẹ̀yin àgbà," mo ṣí ẹ̀rọ. Gàrí yẹn wú, ó tutù, ó kan léte. Ẹ má sọ fún ìyá mi.

Ní ọjà Tours, mò ń wo wàràkàṣì ewúrẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sainte-Maure. Ó rí bí ìtì igi tí wọ́n yọ nínú ààrò: eérú bò ó lára, koríko gígùn kan sì la inú ẹ̀ já láti orí dé ìdí. Mo rò pé ó jábọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibẹ̀ ni màámi tún pè. Mò ń pariwo pé, "Mọ́tò ò bàjẹ́, mà!" nígbà tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, gbogbo ọjà ti gbọ́." Ọmọ Kétou ni, ní Benin, ọ̀kan nínú àwọn tiwa tí àwọn Faransé mú sọ́dọ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn olówó ló ń gun vélo níbí."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, mà. Wàràkàṣì ló ń rà lọ́wọ́."

"Ṣé ó rí ibi jókòó sí?"

Obìnrin náà wò mí. Mo fara ti òpó, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àkùkọ.

"Ìyẹn nìkan ni kò tíì lè ṣe, mà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Saumur ṣì wà níwájú, fóònù mi dún. Àlẹ́ẹ̀tì: 20,000 náírà. Àbúrò mi ló bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ sí i: "Lati odo Mama. Fi wo moto pada sile."

Mo fi ra tìmùtìmù gidi, mo dè é mọ́ orí ìjókòó kẹ̀kẹ́.