Ojoojúmọ́ ni kí òṣìṣẹ́ máa kọ̀tàn, àbí ìgbà tó bá ráyè?

Tíṣà Mọlété: Ẹni tó bá ń dúró kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kó tó kọ̀tàn kò ní kọ nǹkan kan. Ọwọ́ kì í dilẹ̀ n'Ìbàdàn. Èèyàn á dé láti ibi iṣẹ́, kò síná, omi wà láti pọn, ìwé àwọn ọmọ wà láti máàkì. Èmi kì í kúrò ní kíláàsì lẹ́yìn aago ìparí láìkọ ojú ewé kan sínú nóòtù. Kò dìgbà tó bá dùn. Ojoojúmọ́ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó: Ẹ̀gbọ́n, ìtàn tí a fipá kọ máa ń hàn lójú. Ẹ jẹ́ kí ìmísí dé ná.

Tíṣà Mọlété: Àbúrò, orí ìjókòó ni ìmísí ti ń bá mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìlà àkọ́kọ́ kì í dáa, ìkẹrin ló máa ń tọ́.

Aláṣọ Gbági: Ẹ kúuṣẹ́ sà. Ẹ̀yin ní kíláàsì tó ń ṣófo. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, oníbàárà á ní kí n tú áńkárá mẹ́wàá sílẹ̀, á sì lọ láìra ọ̀kankan, èmi ni máa ká gbogbo rẹ̀ padà. Bí mo bá délé, àwọn ọmọ ń retí oúnjẹ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ di dandan pé ojoojúmọ́ ni, àwa ìyá ọlọ́mọ lẹ ń lé jáde yẹn. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni tèmi, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa.

Tíṣà Mọlété: Mo gbọ́ yín mà. Tí ìnáwó bá wá bọ́ sí Sọ́ńdè yẹn ńkọ́? Ẹ ò ní fojú kan ìtàn náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kíkà á látìbẹ̀rẹ̀ ló sì máa gba àkókò tí ẹ fẹ́ fi kọ tuntun.

Aláṣọ Gbági: Ìdí tí mo fi máa ń kọ ìlà méjì sísàlẹ̀ kí n tó dìde nìyẹn: ibi tí ìtàn ń lọ, àti ohun tí ẹni inú rẹ̀ fẹ́ ṣe. Tí mo bá padà dé, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Iṣẹ́ tèmi, òru lónìí, ọ̀sán lọ́la. Kò sí aago tí mo lè dá. Mo wá so ó mọ́ ọkọ̀ wíwọ̀. Tí mo bá ti jókòó sínú Micra ní Mọ́kọ́lá, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo bá ti mú wa, mo máa ń sọ ìtàn náà jẹ́jẹ́ sínú fóònù. Ọjọ́ tí mo bá wà nílé ni mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjíròrò inú ìtàn mi dáa ju tàtijọ́ lọ, torí ẹnu ni mo fi kọ ọ́.

Bàbá Òkè-Àdó: Ẹ kú àròyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Òjíṣẹ́ ni Amos Tutùọlá níléeṣẹ́ ìjọba l'Ékòó kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ rédíò ló bá ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn níbí, kò sì torí ẹ̀ fi bírò sílẹ̀. Ẹ wo Anthony Trollope, òǹkọ̀tàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ló ń jókòó, aago wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ló jàre.

Aláṣọ Gbági: Ẹ ṣé bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Ìránṣẹ́ kan ló ń jí Trollope, tó ń gbé kọfí wá fún un, pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún ló sì ń san fún un lórí iṣẹ́ yẹn nìkan. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé gbèsè tí òun jẹ ìránṣẹ́ yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló ń jí èmi? Kí a tó máa jà lórí ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ẹni tó ń bá wa gbé ọmọ, tó ń bá wa dáná, nígbà tí a bá jókòó tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe wá sọ ọ́ fún wọn nílé?

Aláṣọ Gbági: Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé láago mẹ́rin sí mẹ́fà Sọ́ńdè, òun ló ni wọ́n: oúnjẹ, ìjà, ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo ní kó máa kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kíkàn náà bá dópin. Tí ìnáwó bá dé, a máa sún un sí alẹ́ Mọ́ńdè, a kì í fagi lé e.

Bàbá Òkè-Àdó: Ọ̀rọ̀ yín wọlé, ìyá.

Tíṣà Mọlété: Èmi ò tíì kúrò lórí ojoojúmọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí n rántí pé ìyàwó mi ló ń mú àwọn ọmọ wálé lásìkò tí mo fi ń kọ ojú ewé yẹn, òun náà sì ní ìdánwò ìgbéga níwájú tí kò ríbi kàwé sí. Lálẹ́ òní la máa jókòó pín wákàtí náà.