Ọmọ Mọ Fóònù Í Tẹ̀, Àmọ́ Ta Ló Kọ́ Ọ Ní Ìwádìí?

Ẹ dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ dé ìpàdé àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé pàápàá, ẹ ó gbọ́ ọ dandan: "Àwọn ọmọ ìwòyí kẹ̀? Ojú wọn ti là ju tiwa lọ. Kí ni wọn ò lè wá jáde lórí fóònù?" Ẹni tó sọ ọ́ á rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á mirí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tó bá wá kan pípín àkókò ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lo ilé ìkàwé ni wọ́n á kọ́kọ́ gé kúrú. Kí la tún fẹ́ kọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n?

Kò mọ̀ ọ́n. Èrò yìí ti tó ogún ọdún ó lé. Ní 2001 ni Marc Prensky, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sáyé kọ̀ǹpútà ni onílé níbẹ̀, àwa tó ti dàgbà ká tó bá a pàdé ni àlejò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì gba ìgboro kan. Ní 2008, British Library, ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Jisc, àjọ tó ń bá àwọn yunifásítì ibẹ̀ rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé iṣẹ́ fún University College London pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Èsì tí wọ́n mú wá ni pé ara tu àwọn ọmọ náà nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń fojú fo orí ohun tí wọ́n bá rí ni, wọn kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, àti pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti ń ṣe bákan náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2018, wọ́n tún dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 46,000 wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nínú ìdánwò àgbáyé lórí lílo kọ̀ǹpútà àti ìròyìn tí wọ́n ń pè ní ICILS. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, méjì péré ló dé ipò tó ga jù, níbi tí ọmọ ti lè yẹ ìròyìn tó rí wò kó sì mọ èyí tó ṣe é gbára lé. Inú íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí gbogbo wọn sí o.

Ohun tí ọmọ mọ̀ ni kó tètè rí nǹkan. Kó mọ bóyá ohun tó rí ṣe é gbé iṣẹ́ kà, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ọwọ́ yíyá kì í sì í kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí a máa ń rí dáadáa. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nǹkan lórí omíyalé Ògùnpa, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní August 1980. Ìbéèrè lẹ́kíṣọ́rà ni yóò tẹ̀ sínú Google látòkèdélẹ̀, tòun ti "discuss" iwájú rẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ tó bá jáde ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ìkànnì àwọn tó ń ta pírójẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó dà á kọ, ó yí gbólóhùn mélòó kan padà, ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ orísun ìwé, ó kọ "Google.com" síbẹ̀. Bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn lọ́jà, tó délé tó ní ọjà ló sọ fóun. Google kò kọ nǹkan kan nípa Ògùnpa. Ó ní ẹni tó kọ ọ́, ó sì ní ìdí tí olúwarẹ̀ fi kọ ọ́.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó fi àmì ìfàyọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì "Ogunpa flood" kí ẹ̀rọ má baà fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká. Kó fi site:ajol.info sí i, kó baà lè wá inú àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lórí African Journals Online nìkan. Kó rántí pé ẹlòmíràn lè má pè é ní "flood" rárá, kó wá "Omiyale" náà, kó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí àmì ohùn, torí èsì tí wọ́n ń mú wá kì í sábà rí bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́: kó dìde lọ ka Nigerian Tribune àti Daily Sketch ti ọdún yẹn, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn gan-an nígbà tí omi ń gbé ilé lọ. Orí bébà ni ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì wà, níbi tí Google kò lè fọwọ́ kàn. Ọmọ tí a ti ń yìn pé kò sí ohun tí kò lè rí lórí fóònù, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé nǹkan wà tí fóònù kò ní?

Kí àwọn àgbà má tíì máa pàtẹ́wọ́ o. Ìwádìí kan wà tí Sam Wineburg àti Sarah McGrew ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2017. Wọ́n kó ọ̀nà mẹ́ta ènìyàn jọ: akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, onímọ̀ ìtàn 10 tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti àwọn 10 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa tú àṣírí irọ́ inú ìròyìn. Wọ́n fi ìkànnì ẹgbẹ́ méjì hàn wọ́n, ẹgbẹ́ oníṣègùn ọmọdé ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pe ara wọn. American Academy of Pediatrics ni ọ̀kan, wọ́n ti dá a sílẹ̀ láti 1930, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. American College of Pediatricians ni ìkejì, ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn tó yapa dá sílẹ̀ ní 2002 torí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ẹgbẹ́ kékeré yìí ló ṣe é gbára lé jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Àwọn náà kọsẹ̀. Wọ́n jókòó ti ojú ewé náà, wọ́n ń kà á látòkè délẹ̀, wọ́n ń wo bí ó ṣe mọ́ tó, bí lógò rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ní orísun ìwé nísàlẹ̀.

Àwọn atúdìí-irọ́ kò bá wọn jókòó. Kí wọ́n tó kà á jìnnà ni wọ́n ti ṣí táàbù tuntun, wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí i, wọ́n ń wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá lò.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé, ó sì le díẹ̀. Ohun tí a ti ń fi kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́ ojú ewé náà dáadáa: ṣé ó ní déètì, ṣé orúkọ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, ṣé .org ni àdírẹ́sì ìkànnì náà parí sí. Gbogbo ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè ra .org. Oníjìbìtì náà mọ̀ pé déètì àti orúkọ là ń wá, yóò sì fi síbẹ̀. Kí a tó kọ́ ọmọ, àwa fúnra wa ní láti tún un kọ́.

Ẹ ò sì ní sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní August 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà ní July, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Lóru ni àwọn ìyá ń pe àwọn ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, àwọn ọmọ yunifásítì ń pe àwọn ìyá wọn. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ènìyàn méjì kú ní Jos níbi mímu omi iyọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sílé ìwòsàn. Ta ló sọ ọ́? Ìbéèrè yẹn nìkan, tí èèyàn bá bi í kó tó fọ́wọ́dù, kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀.

ChatGPT wá dé tán, ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orísun ìwé tí kò sí níbì kankan láyé, tòun ti orúkọ jọ́nà àti ojú ewé. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú un wá bá wa pé ká bá òun wá a. Kò yà mí lẹ́nu mọ́, torí àwọn lọ́yà New York méjì tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ níwájú adájọ́ ní 2023, adájọ́ sì ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là owó ìtanràn. Lọ́yà ni wọ́n o.

Ẹ̀kọ́ yìí kò gba ọdún mẹ́rin. Wineburg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní 2022, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ mẹ́fà, ìṣẹ́jú 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọn kò kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló di ògbóǹtarìgì. Wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ GST, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ṣe, lórí lílo ilé ìkàwé tí kò lè rí wákàtí márùn-ún yọ. Kí wọ́n yọ ìbéèrè "Ta ni Melvil Dewey?", ẹni tó gbé ètò nọ́ńbà tí a fi ń to ìwé ilé ìkàwé kalẹ̀, kúrò nínú ìdánwò, kí wọ́n fi ìkànnì kan lé ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti dátà, kó wá sọ ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń náwó sí i.