Òṣùwọ̀n Tí Ó Ń Jẹ Òógùn Alágbàṣe

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣa kajú rí ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mọ ìrora òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n èyí tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá ti kúrò ní ohun tí mo lè gbé mì. Ọjọ́ 19 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, tí mo ń ṣa, tí mo ń já kóró kúrò lára èso, tí omi kajú tí àbàwọ́n rẹ̀ kì í jáde sì ba ṣòkòtò méjì jẹ́ mọ́ mi lára. Àpò 6 ni mo dì. Owó tí wọ́n kà lé mi lọ́wọ́ kò tó èyí tí mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ṣe kí ìgbà kajú tó dé.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ń gbé. Mo ti yọ àwọn àga ẹ̀yìn, mo tẹ́ fóòmù sí i, mo ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, sítóòfù mi sì wà lẹ́yìn àga awakọ̀. Láti oṣù Kejì ni mo ti máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn olóko kajú ní ìhà Oríire àti Surulérè. Bí máńgòrò bá gbó, màá kó máńgòrò. Bí òjò bá sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, àgbàdo ló kàn, kí n tó gba ọ̀nà Òkè-Ògùn lọ bá àwọn oníṣu. Onílé wo ni yóò gba owó oṣù méjì lọ́wọ́ alágbàṣe, nígbà tí wọ́n ń béèrè owó ọdún kan, tí àwọn mìíràn tún ń béèrè ti ọdún méjì? Ọkọ̀ ni ilé tí agbára mi ká.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni èmi àti bàbá olóko ti jọ sọ ọ́ pé ₦100 ni kílò kọ̀ọ̀kan, àti pé kí n gbé ọkọ̀ mi sí ẹ̀yìn abà. Wọn kò dárúkọ owó ibùsùn. Mo sá kajú náà sóòrùn fún ọjọ́ 3, títí tí ó fi ń dún ṣákáṣáká bí mo bá mi àpò. Mo gbé àpò kọ̀ọ̀kan lọ sórí òṣùwọ̀n màmá alájàpá kan lábúlé, 80 kílò gérégé ni gbogbo wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé, bàbá ní ti alájàpá kò kan àwọn, wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé tilé jáde, èyí onírin tí wọ́n máa ń so kọ́ ẹ̀ka igi. Mo dúró tì í. Kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò dúró lórí òdo, ẹ̀yìn òdo ni ó wà, ọmọkùnrin náà sì fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀ kí n má baà rí i. Àpò àkọ́kọ́, 71. Ìkejì, 71. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé ẹ̀kẹfà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí, kò tọ̀nà." Wọ́n ní, "Kajú rẹ ni kò gbẹ. Omi ni a yọ kúrò." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpò, kí wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń dún, ṣùgbọ́n ìwé pélébé kan ni wọ́n fà yọ nínú àpò dàńṣíkí wọn, wọ́n sì kà á sí mi létí pé òru 19 ni ọkọ̀ mi fi wà lórí ilẹ̀ wọn, ₦500 lóru kan. Bí ₦48,000 tí ó yẹ kí n gbà ṣe di ₦33,100 nìyẹn. "Ṣé ọ̀fẹ́ ni o rò pé ìwọ tí o kò nílé yóò máa sùn?" Iwájú ọmọ tí mo lè bí ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ta ni ó ń ṣọ́ oko yẹn lóru? Nígbà tí iná ìgbẹ́ gbéra lọ́sẹ̀ kejì, èmi tí n kò nílé yìí ni mo jí, èmi ni mo fi ẹ̀ka tútù lù ú pa kí ó tó dé ìdí igi kajú kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó kọ ìyẹn sínú ìwé pélébé.

Mo mọ ibi tí wàhálà náà ti ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé kajú yìí lọ sí Íńdíà tàbí Vietnam kí wọ́n tó fọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní ó lómi, wọn yóò gé owó oníṣòwò ní Èkó, oníṣòwò yóò gé ti alájàpá, alájàpá yóò gé ti olóko, olóko yóò sì gé tèmi. Èmi kò ní ẹni tí mo lè gé tirẹ̀. Bí mo bá sì tún dójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn tí ó ń dá ọkọ̀ dúró yóò máa bi mí pé kí ni mo ń fi fóòmù ṣe nínú bọ́ọ̀sì, wọn kò sì ní jẹ́ kí n lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kí àwọn tí ìjọba fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n sí lọ́wọ́ wọ inú oko wá nígbà tí kajú ń bọ́, kí wọ́n fọ́ gbogbo òṣùwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bá dúró lórí òdo, kí wọ́n sì bá mi gba ₦14,900 mi padà. Bọ́ọ̀sì mi ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí abà náà. Bàbá mọ ibẹ̀.